Wọ́n Dì Í, Wọ́n Tú U, Wọn Ò Bi Ẹsẹ̀

Ní àgbègbè olókè kan nílẹ̀ Ṣáínà, bí ẹbí bá pé jọ tí wọ́n ń pinnu ọ̀rọ̀ ẹnìkan, tí ẹni náà jókòó síbẹ̀ tí wọn ò tilẹ̀ wojú rẹ̀, obìnrin kan nínú ilé yóò pòṣé, yóò ní: “Wọ́n dì í, wọ́n tú u, wọn ò bi ẹsẹ̀.” Ilé á sì pa lọ́lọ́. Bí àlejò bá wà níbẹ̀, ṣe ni yóò máa wò kiri. Ta ló di kí ni? Ta ló tú u? Ìgbà wo sì ni ẹsẹ̀ lẹ́nu tí wọn yóò fi bi í léèrè ọ̀rọ̀?

Èmi náà béèrè, wọ́n sì sọ fún mi. Mo fẹ́ sọ ọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n bí mo bá ń pòṣé láàárín ọ̀rọ̀, ẹ forí jì mí. Inú ń bí mi sí gbogbo wọn pátá, àfi ẹnìkan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń dì. Nílẹ̀ Ṣáínà láyé àtijọ́, ẹsẹ̀ obìnrin ni ẹwà rẹ̀, ẹsẹ̀ náà kò sì gbọdọ̀ gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Wọ́n ní inú ààfin ló ti bẹ̀rẹ̀. Oníjó ọba kan ló fi aṣọ ṣẹ́dà wé ẹsẹ̀ rẹ̀ kó lè rí ṣóńṣó, ọba sì yìn ín. Ohun tí ọba bá yìn, ìjòyè á fẹ́ ẹ. Ohun tí ìjòyè bá ń ṣe, olówó á ṣe é, bí olówó bá sì ti ṣe é, tálákà ò ní fẹ́ gbẹ́yìn. Bí eré oníjó kan ṣe di ọ̀ràn sí gbogbo ọmọbìnrin lọ́rùn nìyẹn. Bí ọmọ bá ti tó bí ọdún márùn-ún sí méje, ìyá rẹ̀ á fi omi gbígbóná rẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, á ká ọmọ ìka mẹ́rin sábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, á dá àtàǹpàkò nìkan sí, á sì fi ọ̀já gígùn wé e pinpin títí egungun yóò fi gbà fún un. Ọmọ á máa ké, ìyá náà á máa sunkún, síbẹ̀ ọwọ́ ìyá kò ní dúró. Ìyá wo ló fẹ́ kí ọmọ òun dàgbà sílé láìlọ́kọ? Ẹlẹ́sẹ̀ ńlá, ìránṣẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ẹlẹ́sẹ̀ kékeré lọmọ ilé ire. Obìnrin tí kò lè rìn jìnnà, wọ́n ní kò ní lè rin ìrìnkurìn.

Háà! Ṣùgbọ́n ká má fi wọ́n ṣẹ̀sín jù. Àwa náà ti fi abẹ kọ ojú ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ rí, a ní bó bá jinná á doge. Kò sí ìlú tí kò ní ọ̀já tirẹ̀.

Ọmọbìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí ń jẹ́ Lìyún, ará abúlé Pínṣàn lórí òkè. Bàbá rẹ̀ ti kú, òun àti ìyá rẹ̀ nìkan ló kù nílé. Ìyá rẹ̀ di ẹsẹ̀ rẹ̀ bí wọ́n ṣe di tòun náà, Lìyún sì sunkún títí ó fi mọ̀ pé ẹkún kì í tú ọ̀já. Nígbà tó yá, ó kọ́ ìrìn tuntun. Gìgísẹ̀ ló ń fi tẹlẹ̀, á máa fọwọ́ kan ògiri, bí kò bá sì sí ògiri, á máa fi ọ̀pá gún ilẹ̀.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nílé wọn ni títọ́jú kòkòrò tó ń pọ òwú ṣẹ́dà. Kòkòrò alájẹkì ni. Ewé igi kan ṣoṣo ló ń jẹ, ó sì ń jẹ ẹ́ tọ̀sán-tòru. Bí ewé kò bá tó o, òwú rẹ̀ á ní àléébù. Àwọn igi náà wà lórí ebè gíga tí wọ́n kọ sára òkè lẹ́yìn ilé, Lìyún ló sì máa ń gun ibẹ̀ lọ, tí yóò já ewé, tí yóò gbé e padà sọ́dọ̀ àwọn kòkòrò rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ẹsẹ̀ yẹn dára o. Kò dára. Ṣùgbọ́n òun ni ẹsẹ̀ tó ní, òun àtẹsẹ̀ náà sì ti mọwọ́ ara wọn. Nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́: kó lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ìdí igi rẹ̀, kó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà.

Bó ṣe ń dàgbà, alárinà kan tó ń jẹ́ Ìyá Góò bá wọn wá ọkọ. Bàtà ni wọ́n fi ń wá ìyàwó níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í wo ojú ọmọbìnrin. Bàtà rẹ̀ kan ni alárinà máa ń gbé lọ. Ìyá Góò gbé bàtà Lìyún lọ sí ìlú Hẹ́kóò ní ìsàlẹ̀ òkè, sí ilé olórí ìlú. Ìyá Àgbà, ìyá olórí ìlú, ló gbé bàtà náà lé àtẹ́lẹwọ́, tó yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún.

“Ilé tí èyí ti wá mọ bí a ṣe ń kọ́ ọmọ,” ni Ìyá Àgbà wí. “Ẹ bá mi tọrọ rẹ̀ fún Táìṣù, ọmọ ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ìyá rẹ̀ kó fún ọ̀já ẹsẹ̀ rẹ̀ pinpin sí i díẹ̀.”

Ìyá Lìyún sì fún un sí i. Ọ̀rọ̀ parí, àdéhùn wà, Táìṣù sì lọ kàwé nílùú ńlá.

Ibi tí wàhálà ti dé nìyí. Wọ́n yọ ọba Ṣáínà kúrò lórí oyè, ìjọba tuntun dé, ìjọba tuntun sì ní ẹsẹ̀ dídì jẹ́ ìtìjú gbogbo orílẹ̀-èdè. Táìṣù wọ ẹgbẹ́ kan nílé ìwé tí wọ́n ń pè ní Ẹgbẹ́ Ẹsẹ̀ Àdánidá. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ náà ló búra pé àwọn ò ní fẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ dídì. Bàbá Táìṣù, olórí ìlú, gbọ́, òun tó jẹ́ pé ibi tí ìjọba bá kọjú sí lòun náà ń kọjú sí. Kíá ló di baba ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́. Ó ní gbogbo obìnrin Hẹ́kóò ni yóò tú ọ̀já, bẹ̀rẹ̀ látorí ìyàwó ọmọ òun títí dé orí ìyá òun.

Ìyá Góò gun òkè wá. Kò tíì mí délẹ̀ tó fi ní: “Ẹ tú u.”

“Kí la fẹ́ tú?” ni Ìyá Lìyún bi í.

“Ẹsẹ̀ Lìyún. Ọkọ rẹ̀ ti kàwé. Bẹ́ ẹ ò bá tú u, wọ́n á kọ̀ ọ́.”

“Ṣebí ẹ̀yin yìí náà lẹ jẹ́ iṣẹ́ pé kí n fún un sí i?”

“Èmi ni. Ayé ìgbà yẹn nìyẹn.”

Ẹ wo ẹnu bí ẹni jẹ òróró! Ìyá Lìyún ronú títí. Ó ro ti opó tí kò ní ọkùnrin nílé, ó ro ẹnu ayé bí wọ́n bá kọ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì mú ọ̀bẹ, ó gé okùn ọ̀já. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ mi, ẹ má rò pé ìtura ló dé. Ẹsẹ̀ tí egungun rẹ̀ ti tẹ̀ kì í nà padà. Ọ̀já yẹn gan-an ló ń gbé e ró. Bí wọ́n ṣe tú u, ẹ̀jẹ̀ ya wọ ibi tí kò dé láti ọdún pípẹ́, ẹsẹ̀ wú, Lìyún ò sì lè dìde. Ó ń rákò lọ sídìí àtẹ kòkòrò rẹ̀. Ìyá rẹ̀ tó ti dàgbà, tẹ́sẹ̀ tiẹ̀ náà wà nínú ọ̀já, ló ń gun ebè lọ já ewé, ewé ò sì tó. Odidi àtẹ kan kú.

“Ìyá mi, ẹ jẹ́ n fi ọ̀já wé e wẹ́rẹ́, kó kàn lè gbà mí dúró,” ni Lìyún bẹ̀ ẹ́.

“Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ rí ọ̀já.”

“Àwọn ta?”

“Ilé ọkọ rẹ.”

“Ṣé àwọn ni yóò fi rìn ni?”

Ìyá rẹ̀ gbójú kúrò lára rẹ̀, ó ní kó má tún sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Lìyún ń gbìyànjú láti dìde, ó ti ń di ògiri mú, nígbà tí Ìyá Góò tún yọ. “Ẹ dì í!” Kí ló dé? Ìyá Àgbà ti gbọ́ nílé lọ́hùn-ún, ó ti yíjú kúrò nídìí oúnjẹ. Ó ní ẹlẹ́sẹ̀ jálajàla kan ò ní ré ẹnu ọ̀nà ilé òun kọjá lójú ayé òun. Bàbá Táìṣù, akọni tó ń pàṣẹ fún gbogbo ìlú, kò lè dá ìyá rẹ̀ lóhùn. Wọ́n bá tún di ẹsẹ̀ náà. Dídì ẹ̀ẹ̀kejì ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ọmọdé ni wọ́n dì nígbà yẹn, àgbàlagbà ni wọ́n ń dì báyìí. Igbe tí Lìyún ké lọ́jọ́ náà, ìyá rẹ̀ ò gbàgbé rẹ̀ títí ó fi kú.

Táìṣù gbọ́, ó fárígá, ó ní òun ò fẹ́ mọ́. Ìyá Góò tún mú ọ̀nà òkè pọ̀n. Lọ́tẹ̀ yìí, kò tilẹ̀ gòkè mọ́, ìsàlẹ̀ ló dúró sí tó ń lọgun: “Ẹ tú u o!”

Ìyá Lìyún lọgun padà látòkè: “Ẹ lọ fikùn lukùn nílé yín ná, kẹ́ ẹ tó máa wá síbí!”

Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Lìyún ò lè gòkè, kò lè sọ̀ kalẹ̀, kòkòrò ń kú, ọjọ́ ìgbéyàwó sì ń bọ̀. Ìgbà náà ni Ìyá Góò wá mú àbá kan wá. Bí mo bá ń rántí àbá yìí, orí mi a máa gbóná. Ó ní kí wọ́n di ẹsẹ̀ òsì nítorí Ìyá Àgbà, kí wọ́n tú ti ọ̀tún nítorí ọkọ.

“Ta ni yóò wò ó lábẹ́ aṣọ?” ni alárinà wí. “Àlàáfíà la ń wá.”

Ẹ gbọ́ mi bí? Ẹsẹ̀ ènìyàn ni wọ́n fi ń parí ìjà bí ẹni pín iṣu. Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n sì ṣe é! Ìyá Lìyún di òsì, ó tú ọ̀tún. Lìyún ní, “Ìyá mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ rìn?” Ìyá Góò ló dá a lóhùn: “Ìyàwó kì í rìn.”

Òótọ́ ni, ìyàwó kì í rìn lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Àṣà wọn ni pé ẹsẹ̀ ìyàwó kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ láti ilé ìyá rẹ̀ títí dé yàrá ọkọ. Inú àga pupa ni yóò wà, àga tó ní òrùlé àti aṣọ ìkélé yíká bí yàrá kékeré, àwọn ọkùnrin á sì gbé e léjìká. Bó bá dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á tẹ́ aṣọ pupa sílẹ̀ fún un.

Àga gúnlẹ̀ ní Hẹ́kóò. Èrò kún ẹnu ọ̀nà. Ìyá Àgbà ò lè mú sùúrù. Ó ta kọ̀ǹgẹ́kọ̀ǹgẹ́ dé ẹ̀gbẹ́ òsì àga, ó gbé aṣọ ìkélé sókè díẹ̀, ó yọjú wo ẹsẹ̀ ibẹ̀, ẹ̀rín sì gba ẹnu rẹ̀. Bàbá Táìṣù gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, òun náà yọjú, òun náà rẹ́rìn-ín. Ìyá àti ọmọ pàdé níwájú àga.

“Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, ọmọ mi, o gbọ́rọ̀ sí mi lẹ́nu,” ni Ìyá Àgbà wí. “Wọ́n dì í, ó sì dára.”

“Dì í kẹ̀? Ìyá mi, wọ́n tú u. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni.”

“Ṣé ojú mi ló fọ́ ni?”

Àbí ẹ ti gbọ́ irú eléyìí rí? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ lójú gbogbo ìlú. Ìyá ní wọ́n dì í, ọmọ ní wọ́n tú u. Táìṣù bọ́ sí àárín, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí orílẹ̀-èdè àti ọ̀làjú. Ẹnu dùn-ún ròfọ́! Àwọn ìbátan yà sí ọ̀tún, wọ́n yà sí òsì. Ìyá Góò ń wá ibi tí yóò gbà sá. Àgbà ọjà kún ibẹ̀ fọ́fọ́, orí ọmọ tuntun sì wọ́ lójú gbogbo wọn. Lìyún jókòó sínú àga nínú ooru. Kò sẹ́ni tó bá a sọ gbólóhùn kan.

Ìgbà tó yá, aṣọ ìkélé ṣí. Lìyún yọ ẹsẹ̀ síta. Kò tẹ aṣọ pupa. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ gan-an ló tẹ̀, àwọn obìnrin sì pariwo. Ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó di igi àga mú, ó jókòó lé e. Ó bọ́ bàtà méjèèjì. Ó tú ọ̀já òsì lójú gbogbo ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí èyí yé yín dáadáa. Nílẹ̀ náà, ẹnìkan kì í rí ẹsẹ̀ dídì ní ìhòòhò. Ọkọ pàápàá kì í rí i. Bàtà aláràbarà ni wọ́n ń rí. Àwọn ọkùnrin tó ń jà lórí ẹsẹ̀ láti àárọ̀, kò sí èyí tó rí i rí nínú wọn. Wọ́n wá rí i báyìí. Wọ́n rí ọmọ ìka tó ti wọnú àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n rí ibi tí àárín ẹsẹ̀ ti ká bí ọwọ́ tí a pa dé, wọ́n rí ọ̀tún tó wú, tó sì dúdú. Àwọn kan yíjú. Bàbá Táìṣù ń wo òrùlé.

“Ẹ má yíjú,” ni Lìyún wí. Inú ń bí i. “Òun lẹ ń jà lé lórí. Ẹ dì í, ẹ tú u. Ẹ tún un dì, ẹ tún ní ká tú u. Ẹ di ọ̀kan, ẹ tú ọ̀kan. Ẹ ò bi ẹsẹ̀.”

Táìṣù súnmọ́ ọn. Ó ti sọ̀rọ̀ lórí ẹsẹ̀ yìí ní gbogbo ilé ìwé tó wà nílùú ńlá, kò sì mọ bó ṣe rí. Ó lóṣòó síwájú rẹ̀.

“Mi ò mọ̀ pé bó ṣe rí nìyí,” ló wí.

“Ẹ ò béèrè ni.”

“Mo wá ń béèrè báyìí. Kí ni ẹsẹ̀ ń fẹ́?”

Lìyún wò ó. Kì í ṣe ọmọ burúkú, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ó kàn pẹ́ jù ni.

“Ó fẹ́ lọ sílé.”

Ó mú ọ̀já, ó fúnra rẹ̀ wé ẹsẹ̀ méjèèjì wẹ́rẹ́, èyí tí kò fún jù tí kò sì dẹ̀ jù. Ó padà sínú àga. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé mi,” ló wí fún àwọn tó gbé e wá. Àwọn yẹn ń wo ojú olórí ìlú, wọ́n ń wo ojú Ìyá Àgbà. Lìyún kígbe láti inú àga: “Ẹ̀yin náà! Ṣebí èmi lẹ ń gbé!” Wọ́n gbé e.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ rí àga tó ń padà gòkè, ó káwọ́ lérí. Ó ti ṣe tán láti figbe ta. Ṣùgbọ́n ó rí ojú ọmọ rẹ̀, ó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó lọ gbé omi gbígbóná wá. Ó kúnlẹ̀ tì í pẹ̀lú ọ̀já lọ́wọ́. “Ṣé kí n dì í ni, àbí kí n…” Ó gbé ọ̀já náà sílẹ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀. “Lìyún, báwo lo ṣe fẹ́ ẹ?”

Bó ṣe fẹ́ ẹ náà ni wọ́n ṣe é. Ó fi ọ̀já wé e bó ṣe gbà á, ó fúnra rẹ̀ rán bàtà tó fẹ̀, ó ń mú ọ̀pá dání, kí ewé ọdún náà tó gbó, ó ti ń dé ìdí igi rẹ̀. Kò rìn bí ìwọ àti èmi. Ó ń dé ibi tó ń lọ.

Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló sọ ọ́ di òwe. Ní Hẹ́kóò, lọ́jọ́ náà, bí àga ṣe kúrò báyìí, àwọn ọkùnrin tún gbé ìjà wọn dé. Ta ló jẹ̀bi, dídì ni àbí títú? Ìyá Àgbà ò bá wọn dá sí i. Ó ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ń wò wọ́n nínú bàtà wọn kékeré. Ọmọ rẹ̀ wá bá a.

“Ìyá mi, ẹ dìde, ẹ má jẹ́ káyé máa wò wá. Ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀. Bí a bá ti tú tiyín náà lọ́la, ìjọba á rí i pé…”

“Dákẹ́,” ni ìyá rẹ̀ wí. “Wọ́n dì í, wọ́n tú u, wọn ò bi ẹsẹ̀.”

“Òótọ́ ni, ọmọbìnrin yẹn jìyà, àwa náà rí i.”

“Ta ló ń sọ ti ọmọbìnrin yẹn?” Ìyá Àgbà gbé ojú sókè, ojú náà ti kún fún omi. “Ẹsẹ̀ tèmi ni mò ń wí.”